Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Dẹ́mò Nínú Orin Yorùbá

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di olórin ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí wọ́n ń gbé ròde láti fi wá ojú rere ayé.

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Àtàn-Ọ̀tà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọ̀nà Ṣàngó sí Ìdìrókò ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Àgbárá, ohun méjì ni etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ìkíní ni ariwo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó ọjà ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Èkejì ni orin. Orin ń jáde láti ìsọ̀ àwọn agẹrun, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe, àti láti inú kẹ̀kẹ́ márúwá. Nínú orin wọ̀nyí, a máa ń gbọ́ èyí tí rédíò kankan kò tíì lù rí: orin ọmọ àdúgbò tí ó fẹ́ kí ayé mọ òun. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní dẹ́mò. Orin àpẹẹrẹ ni dẹ́mò. Olórin kò gbà á sílẹ̀ fún títà, bí kò ṣe láti fi han ẹni tó lè gbé e ga, ìbáà ṣe onílé-iṣẹ́ àwo orin, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tàbí olórin tó ti lórúkọ ṣáájú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì tí mo ń kọ́ ní èdè Yorùbá. Ohùn rẹ̀ dùn, òwe sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ àgbà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tí àsìkò àtisan owó ìdánwò WAEC tó, ìyá rẹ̀ tí ń ta ẹ̀fọ́ ṣa owó náà jọ, ó kó o lé e lọ́wọ́. Owó náà kò dé ilé-ìwé. Sítúdíò kan ni ọmọ náà gbé e lọ. Ó fi gba orin kan ṣoṣo sílẹ̀, ó dà á sínú sídíì bíi mélòó kan, ó sì pín in fún àwọn tí ó rò pé wọn yóò ran òun lọ́wọ́. Ẹnì kankan kò pè é.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí mi, mo bá a wí kíkankíkan. Mo ní kí ó gbàgbé orin, kí ó wá iṣẹ́ gidi ṣe. Kò fèsì. Ó kàn fa sídíì kan tó kù yọ nínú àpò ìwé rẹ̀, ó fún mi. Mo gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìlù bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kíkí ọ̀rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ló gba ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. Kò sí orúkọ lára sídíì náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nọ́ńbà fóònù. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fẹ́ pè é, níbo ni yóò ti rí i?

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé èmi pẹ̀lú jẹ̀bi. Mo ti kọ́ ọmọ náà ní oríkì àti ewì fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un rí bí àwọn tó ti gba ọ̀nà náà kọjá ṣe gbà á. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Kí ẹ̀rọ tó dé

Kí ẹ̀rọ tó dé ilẹ̀ wa, ojúde ni olórin ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Onírárà a lọ sí ẹnu ọ̀nà ìjòyè, a ki orílẹ̀ onílé débi pé orí onílé yóò wú, ọjọ́ tí ìnáwó bá sì dé, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Láàrin àwọn Àwórì tó ni Ọ̀tà, àti láàrin àwọn ará Yewa àti Kétu, òru Ẹ̀fẹ̀ tí í ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni pápá ìdánwò tó le jù. Ní òru náà, akọrin Ẹ̀fẹ̀ yóò dúró níwájú gbogbo ìlú, yóò súre, yóò bá aṣebi wí, yóò sì dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dán mọ́rán, ìlú kò ní í gbàgbé. Nítorí náà ni ó fi ń ṣe ìgbaradì dáadáa pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ara ogún àṣà gbogbo ayé ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìmúrasílẹ̀ ló ṣáájú ìfihàn. Kò sí ẹni tí í gbé orin tí kò tíì dánra wò lọ sí ojú agbo Ẹ̀fẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré

Ní ẹ̀wádún 1920 ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Yorùbá sílẹ̀ fún ọjà. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, baba bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin ìsìn Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1936, Túndé King, ọmọ Èkó, gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Parlophone, orúkọ jùjú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀ sílẹ̀ fún His Master's Voice, èyí tí a ń pè ní HMV.

Àwo ìgbà náà ń yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò sì gbà ju orin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ rò ó wò. Olórin tí ń ṣeré láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ní ibi ìnáwó gbọ́dọ̀ fún gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Kò sí ààyè láti máa kí ọ̀rẹ́. Yóò wọ inú ọ̀rọ̀ ní kíákíá, yóò mú èyí tó dùn jù ṣáájú, yóò sì mọ ibi tí òun yóò ti dákẹ́. Nígbà tí àwo ńlá tí ojú rẹ̀ ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú gbòde lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá jùjú tú orin wọn sílẹ̀ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti kọ́ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá ní kúkúrú.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ìgbà náà, àwo àkọ́kọ́ gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ dẹ́mò. Bí ó bá tà, ilé-iṣẹ́ yóò tún pe olórin padà. Bí kò bá tà, ó di ọwọ́ olórin náà bóyá yóò padà sílé lọ sunkún tàbí yóò tún orin ṣe.

Orin tó kùnà, tó tún padà wá

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ni Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1919. Ní ọdún 1948, ó gba orin àpàlà kan sílẹ̀ fún HMV. Orin náà jẹ mọ́ Ọba Adébóyè, Orímọlúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó fi yẹ kí ó tún rántí rẹ̀.

Kí ni Hárúnà ṣe? Kò fi àpàlà sílẹ̀. Ó ń rin ìlú dé ìlú, ó ń ṣeré níbi ìnáwó, orúkọ rẹ̀ sì ń tàn díẹ̀díẹ̀. Ní àárín ẹ̀wádún 1950, Ọba Adébóyè kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú. Hárúnà padà sí orin àtijọ́ náà, ó tún un kọ, ó fi ọ̀rọ̀ ikú ọba kún un. Orin tí àwọn ènìyàn kò kà sí ní 1948 wá di èyí tí wọ́n ń wá kiri. Ohùn kan náà ni, olórin kan náà sì ni. Ohun tó yí padà ni pé olórin náà ti dàgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ orin náà kan àwọn tí ń gbọ́ ọ.

Ìtàn King Sunny Adé jọ èyí. Lẹ́yìn tí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ orin Moses Ọláìyá, ẹni tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ó dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ African Songs sì gba orin rẹ̀. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé ẹyọ 13 péré ni wọ́n tà nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1967. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni ó kọ orin nípa ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbà náà, àwo náà sì tà bí ẹni ta àkàrà. Ní 1983, àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Synchro System jáde láti ilé-iṣẹ́ Island, èyí sì ló mú kí wọ́n yan orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Grammy ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí àwo 13 bá já kulẹ̀ tí kò sì sá, ẹ wo ibi tó dé.

Ilẹ̀kùn kan tì, òmíràn ṣí

Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni ilé-iṣẹ́ máa ń kọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1962, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti Liverpool lọ kọrin 15 níwájú àwọn òṣìṣẹ́ Decca ní Lọ́ńdọ̀nù. Decca kọ̀ wọ́n. Alámòójútó wọn, Brian Epstein, kò sọ téèpù náà nù. Ó gbé e lọ sí ilé ìtajà HMV kí wọ́n lè dà á sínú àwo, ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti là dé ọ̀dọ̀ George Martin ti Parlophone. The Beatles ni wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí: HMV ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, Parlophone ti Túndé King, àti Decca, tó jẹ́ pé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló gba orin Ebenezer Obey, ọmọ tí a bí ní Ìdógò ní agbègbè Yewa, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kàn.

Ní Memphis ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1953, ọmọ ọdún 18 kan san nǹkan bíi dọ́là mẹ́rin láti gba orin méjì sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Elvis Presley ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Marion Keisker, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi kún un pé ó mọ orin arò kọ dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Sam Phillips, ń wá akọrin, àkọsílẹ̀ yẹn wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, sídíì akẹ́kọ̀ọ́ mi, èyí tí kò ní orúkọ, ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé oríire lásán ni. Obey ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fàtáì Rolling Dollar kí ó tó dá dúró. Sunny Adé ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Sàlá. Shina Peters, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn bíi tiwa, ti wà pẹ̀lú Prince Adékúnlé, ó sì ti bá Ṣẹ́gun Adéwálé ṣe ẹgbẹ́ kan, kí àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Ace tó mì ìlú tìtì ní ọdún 1989. Ọdún tí wọ́n lò lẹ́yìn ọ̀gá ni ilé tí wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kásẹ́ẹ̀tì, sídíì, fóònù

Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ TEAC ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ń jẹ́ Portastudio. Ẹ̀rọ yìí lè gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì lásán. Olórin lè gba gìtá sílẹ̀ lónìí, kí ó gba ohùn ẹnu lọ́la, kí ó sì pa wọ́n pọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹni tí àwo rẹ̀ kò tà ní 1948, kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ti bá I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀ ṣáájú ní 1969. Ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn wá di onílé.

Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpútà dé, tí sítúdíò sì wọ inú yàrá kan ṣoṣo ní àdúgbò. Sídíì ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe dẹ́mò, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé e lọ fún àwọn máàkẹ́tà ní ọjà Alábà ní Èkó. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ gbogbo wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, orin Zazoo Zehh jáde, níbi tí Olamide àti Poco Lee ti dúró ti Habeeb Okikiola, ẹni tí a mọ̀ sí Portable, orúkọ rẹ̀ sì tàn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè bá orin rẹ̀ wí tàbí kí ó yìn ín, ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì mi kò sí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ewu ìtàn yìí ni pé àwọn ọmọ wa ń rí ọjọ́ tí orúkọ tàn, wọn kò rí ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Fóònù ti mú ìgbohùnsílẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n kò mú orin rọrùn. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà kò ju mẹ́ta lọ, ẹni tó kàn án kò pọ̀. Nísinsìnyí tí kò sí ilẹ̀kùn mọ́, gbogbo ayé ló ń pariwo nínú àgbàlá kan náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ gaara nìkan ni a ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìwé tí a fọwọ́ sí

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá gba dẹ́mò ẹni gan-an ni kí ojú ẹni là. Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde di ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù ní àárín ẹ̀wádún 1970 lórí àdéhùn wọn, kí ó tó máa gbé orin rẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ Sunny Alade Records. Bí ẹni tó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá lè bá ìwé àdéhùn jìjàkadì, kí ni ti ọmọ ọdún 17?

Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ àtinúdá ní Nàìjíríà lónìí ni ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Lábẹ́ òfin yìí, orin tí ẹnì kan fi làálàá ṣe, tí ó sì ti kọ sílẹ̀ tàbí tí ó ti gbà sílẹ̀, ti di tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbì kan. Ẹ̀tọ́ náà wà fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà fún òun pátápátá bí kò bá sí àkọsílẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó gbé dẹ́mò jáde, kí ó kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sínú ìwé, kí ó kọ déètì sí i, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó lu ìlù àti ẹni tó dá ohùn orin náà. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ó fọwọ́ sí i, kí ó mú un lọ fún àgbà tó mọ̀wé tàbí agbẹjọ́rò kí ó tó tẹ̀ka.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí mo rí nìyí: ẹ̀rọ ń yí padà, àmọ́ ìmúrasílẹ̀ kò yí padà. Kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Dán orin wò níwájú ènìyàn kí o tó náwó lé e lórí. Mú ọ̀rọ̀ tó kan àwọn tí yóò gbọ́ ọ. Má ṣe jẹ́ kí ìlù bo ohùn. Fi èyí tó dára jù ṣáájú, kí o sì kọ orúkọ rẹ síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, má sọ orin náà nù. Ọjọ́ rẹ̀ lè má tíì pé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má fi owó ìdánwò ṣe é. Ẹ̀kọ́ ni àwọn ọ̀gá olórin tí mo dárúkọ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni kíláàsì wọn.

Sí àwa olùkọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ọmọ bá gbé orin wá, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ kí a tó bínú. Ewì alohùn tí a ń kọ́ wọn, ibo ni a rò pé yóò gbà jáde?

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sì yege. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Àgbárá, ó sì ń kọrin níbi ìnáwó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó wá kí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ èyí.” Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, nípa àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ní ẹnu géètì ilé-iṣẹ́. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ketekete. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó kọ déètì, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

N kò lè sọ ibi tí orin náà yóò dé. Mo ní kí ó tún un lù fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.